Bí O Ṣe Máa Gba Ògúnléye Padà sí Ọgbà

Ojú ọ̀nà Ìjerò,
Arámọkọ-Èkìtì.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n má kọ ọ́ gùn. Ó ní bí mo bá ti gbé bírò, ṣe ni mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Mo ní kó lọ gún iyán rẹ̀, kó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi. Bí mo ṣe ń kọ ìlà yìí, mò ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé, ara àwa méjèèjì sì le. Orúnkún mi tó máa ń dà mí láàmú nígbà òjò ti fún mi ní ìsinmi díẹ̀. Uṣu tuntun ti kún ọjà, o rí i pé èmi ará Ìkìrun náà ti ń sọ uṣu dípò iṣu bí ará Èkìtì báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kí o má baà rò pé ìbínú ni mo fi kọ̀wé sí ọ.

Lọ́jọ́ tí o pè mí, ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ já gaara. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Ògúnléye, Ògúnléye nìkan ni mò ń gbọ́, kí o tó fara balẹ̀ sọ ìyókù. Nígbà tó yá ni mo pè ọ́ padà pé a ti rí i, pé ara rẹ̀ le, pé kí o fọkàn balẹ̀. Mi ò sọ ibi tó wà fún ọ, nítorí mo mọ̀ ọ́. Ìwọ ì bá ti gun ọ̀kadà kó o máa bọ̀ kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Mo fẹ́ kí o kà á, kí o bínú sí mi díẹ̀, kí o sì tún un kà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá etí mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tó dá ọgbà ìgbafẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro Ìjerò gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o máa bójú tó o. Wọ́n fẹ́ gbé gbígbálẹ̀ àti gígé koríko fún agbaṣẹ́ṣe kan tó ní ẹ̀rọ. Ìwọ lo dìde láàárín wọn tí o ní àwọn ènìyàn wà ní ìlú yìí tí wọn kò nílé, tí wọ́n ń sùn sí ìsọ̀ ọjà àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí wọ́n gba àwọn yẹn síṣẹ́, kí wọ́n máa san owó oṣù fún wọn bí òṣìṣẹ́ yòókù. Wọ́n gbà fún ọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ń wò ọ́. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe gba Ògúnléye ará Ẹ̀fọ̀n, tí o fi ṣe olórí wọn, àti Ìyá Wúrà tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àti Sàlámì tó ti fìgbà kan jẹ́ alábàárù ní ọjà.

Ọjọ́ tí ẹ ṣí ọgbà náà, èmi àti ìyá rẹ wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń wakọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó ọkọ̀ tó ti kú dà sí, irin tó ti dípẹtà àti igbó ló kún un. Nígbà tí mo rí i tí koríko tẹ́ rẹrẹ, tí ẹ to àga sábẹ́ igi máńgòrò, tí àwọn ìyá ń bá ọmọ wọn ṣeré lórí pápá, mo ní kí ìyá rẹ gbá mi létí kí n mọ̀ bóyá àlá ni mò ń lá. Ó gbá mi, kò sì gbá mi jẹ́jẹ́. Ògúnléye ló mú wa yí ibẹ̀ ká. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, irun rẹ̀ ti ń funfun, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ń fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn òdòdó pupa tó gbìn sí etí ọ̀nà, ó ń sọ èyí tó fẹ́ràn omi àti èyí tí kò fẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀ pé ọmọ wa ríṣẹ́ gidi ṣe.

Lẹ́yìn náà lo wá ṣe ohun tó gbé gbogbo wàhálà yìí dìde. O gbọ́ pé ilé bàbá Ògúnléye ṣì wà ní Ẹ̀fọ̀n, pé àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, pé kò tíì fojú kàn wọ́n láti ìgbà tó ti ti Èkó dé. O ra páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, o ró ìró, o lọ sí Ẹ̀fọ̀n láìsọ fún un. O kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, o ní, ẹ jọ̀wọ́ sà, ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ ni mo gbà á sí, mo ní kí n wá gba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. O tilẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé o rò pé ẹkún ayọ̀ ni, pé o padà sílé tìdùnnú-tìdùnnú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ẹbí Ògúnléye kún inú ọkọ̀ kan dé Ìjerò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀ lójú àwọn tó wá gbafẹ́, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé ọmọ ulé àwọn kò lè máa gbálẹ̀ fún ará Ìjerò. Ògúnléye ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ fọ ọwọ́. Ó gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ, wọn kò rí i mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Wúrà kò wá síṣẹ́. Sàlámì náà kò wá. Ta ló mọ̀ bóyá ilé tiwọn ni o tún máa lọ? Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ọ̀rá omi kún abẹ́ àga, ìgbìmọ̀ sì pè ọ́ pé bí àwọn mẹ́ta yìí kò bá padà kí oṣù yìí tó parí, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún dárúkọ aláìnílé níwájú àwọn mọ́.

Ṣé mo gbọ́ ọ dáadáa? Ó dáa.

Àbẹ̀kẹ́, ìwà ọmọlúwàbí ló kó bá ọ. Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Láti kékeré lo ti ń wo ìyá rẹ. Bí wọ́n bá mú ọmọbìnrin kan wá kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí òun á fi lọ kí àwọn òbí rẹ̀ nílé, kódà bí ilé wọn bá wà ní Odò-Ọwá. Ó máa ń mú ọ dání lọ. Ohun tí o rí lo ṣe. Ẹlòmíràn tí kò gba ẹ̀kọ́ ilé kò tilẹ̀ ní ronú kàn án. Nítorí náà, ṣáájú ohun gbogbo, yé pe ara rẹ ní òmùgọ̀. Ìyá rẹ gbọ́ ọ nígbà tí o sọ ọ́ lórí fóònù, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, òun ni èkíní nínú ìmọ̀ràn mi. Ọmọ tí ìyá rẹ máa ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ni ọmọ tí òbí fà lé e lọ́wọ́. Ta ló fa Ògúnléye lé ọ lọ́wọ́? Òun fúnra rẹ̀ ni. Àgbàlagbà ni, ó ti kọ́lé fún ènìyàn l'Ékòó kí o tó mọ ọ̀nà ilé ìwé. Òun ni bàbá tó yẹ kí o lọ kí, òun ni ìyá tó yẹ kí o kúnlẹ̀ fún. Bí o bá fẹ́ dé ilé wọn, ọwọ́ rẹ̀ lo ti máa gba àṣẹ. Tó bá ní kí o má lọ, má lọ. Tó bá ní kò tíì yá, kò tíì yá nìyẹn.

Mi ò rí èyí kà nínú ìwé. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkìrun dé ìlú yìí, tí mò ń wakọ̀ láti Iléṣà wá sí Arámọkọ, ẹnu mi kì í dákẹ́, mo sì fẹ́ràn kí n máa ṣe oore fún èrò. Ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ wa ní Iléṣà, ó ti pẹ́ l'Ékòó, ó ní Erìjìyàn ni òun ń lọ. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ní oríta, màá gbé yín délé. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Mo rò pé ìtìjú ló ń ṣe é. Mo ya kúrò lọ́nà nítorí tirẹ̀, mo gbé e dé ojúlé wọn gan-an, mo sì tẹ fèrè ọkọ̀ títí tọmọdé tàgbà fi jáde. Àwọn ọmọdé sáré wá, wọ́n ń na ọwọ́, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá ti Èkó dé gbọ́dọ̀ mú búrẹ́dì dání. Ọkùnrin náà kò mú búrẹ́dì. Kò mú nǹkan kan. Ó dúró sáàárín wọn pẹ̀lú àpò pẹlẹbẹ lọ́wọ́, ó sì bojú wẹ̀yìn wò mí.

Mo wakọ̀ padà, mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Arámọkọ, èrò ń bi ara wọn pé kí ló ṣe awakọ̀. Ká ní mo jù ú sílẹ̀ ní oríta bó ṣe fẹ́, ì bá wá nǹkan kékeré kan rà níbẹ̀, tàbí kó jókòó títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀ kó tó rìn wọlé. Oore tèmi kò jẹ́ kó rí ààyè. Láti ọjọ́ náà, mo ti ń bi èrò pé níbo lẹ fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ibi tí wọ́n bá sì dá ni mo máa ń já wọn sí.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n sọ bí Ògúnléye ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. O mọ ìsọ̀ fọkanáísà tó wà ní oríta, níbi tí àwa awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì máa ń jókòó sí tí à ń bú ìjọba. Mo débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí ọkùnrin kan tó ń ṣa ọ̀rá omi nílẹ̀, tó ń kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, òun náà sì mọ̀ mí. Ó fẹ́ dìde lọ. Mi ò bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ògúnléye, òdòdó iwájú ilé mi ti di igbó, ìyá Mojísọ́lá sì ń fi mí ṣẹ̀sín. Ṣé wàá bá mi tún un ṣe?" Ó ní ṣé mo ní àdá tó mú.

Bó ṣe dé ilé wa nìyẹn. Ìyá rẹ gbé iyán fún un, ó fún un ní yàrá ẹ̀yìn, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan. Ìwọ mọ ìyá rẹ, o mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn. Òdòdó wa ti rí gígé dáadáa báyìí, àwọn ará àdúgbò ń béèrè ẹni tó gé e.

Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe l'Ékòó kó tó já bọ́ láti orí àkàbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì dá gbẹ́rù mọ́. Iṣẹ́ lọ, yàrá tó ń gbé náà lọ. Ó ní kí òun kúkú máa lọ sílé. Ó wọ ọkọ̀, ọkọ̀ gba Iléṣà, ó gun òkè, ó dúró ní Ẹ̀fọ̀n. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀. Láti ibi tó jókòó sí, ó rí òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Awakọ̀ bi í pé ṣé kì í ṣe Ẹ̀fọ̀n ló pè ni. Ó ní òun ti yí i padà, òun ń lọ síwájú. Ó dé Arámọkọ, ó rí i pé ó ṣì sún mọ́ ilé jù, ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ìjerò, níbi tí kò ti sí ẹni tó máa bi í pé ọmọ ulé wo ni. Níbẹ̀ lo ti rí i ní ìsọ̀ ọjà.

Nígbà tó sá kúrò ní ọgbà, ó ní òun rò ó pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti mọ̀, kí òun kúkú máa lọ sí Ẹ̀fọ̀n kí ọ̀rọ̀ parí. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Ìjerò. Oríta wa yìí lẹsẹ̀ rẹ̀ dé tí kò fẹ́ lọ mọ́.

Mo bi í bóyá èmi lè lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má mú ẹnikẹ́ni bọ̀. Mo lọ, mo sì bá bàbá náà níwájú ilé. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni, àgbà ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ojú ń tì í nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjerò. Ó ní nígbà tí o dé tí o kúnlẹ̀, ohun tí àwọn gbọ́ ni pé àbúrò àwọn wà láàyè, gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ kò wọ àwọn létí. Ó ní kò sẹ́ni tó lé e. Ó mú mi wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan. "Tirẹ̀ nìyí," ó ní. "A ń gbá a lójoojúmọ́."

Mo padà wá sọ fún Ògúnléye. Ìyá rẹ wà níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́. Ògúnléye ní, "Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbá a, Bàbá. Òun gan-an ni kò jẹ́ kí n lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo." Ìyá rẹ dìde, ó ní èéfín wọ òun lójú, bẹ́ẹ̀ a ò dáná.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi kí n tó kúrò ní Ẹ̀fọ̀n. Ó ní ọgbà yẹn, ṣé àlejò lè wá jókòó níbẹ̀? Mo ní ọgbà gbogbo ènìyàn ni. Ó ní bí Ògúnléye kò bá kọ̀ ọ́, òun á wá lọ́jọ́ kan, òun nìkan, òun á jókòó, òun ò ní sọ̀rọ̀ tí a kò bá bá òun sọ. Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe rán mi. Ògúnléye padà sídìí òdòdó, ó ń gé e lọ. Nígbà tó yá ló ní, "Kó wá ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn ni ìbòòji máa ń dé àga abẹ́ máńgòrò."

Nítorí náà, bí o bá rí bàbá arúgbó kan tó dé fìlà tó jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí i bí o ṣe ń kí àlejò yòókù, kí o máa bá tìrẹ lọ. Mo mọ̀ pé ó máa nira fún ọ. Má gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un.

Èkejì. Wá àpótí fún wọn. Nígbà tí mo wà ní ọgbà yín, mo rí i pé Ìyá Wúrà gbé àpò rẹ̀ kọ́ apá tó fi ń gbálẹ̀, Sàlámì sì ń gbé tirẹ̀ láti ìdí igi kan dé ìdí igi mìíràn. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ kì í gbádùn ìrìn àjò, ẹ̀yìn ló máa ń wò. Ẹ ní yàrá tí ẹ ń kó ìgbálẹ̀ àti báró sí. Pe káfíńtà kó kan àpótí tó ní ilẹ̀kùn mọ́ ara ògiri níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù ní àgádágodo tirẹ̀. Má ṣe mú kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́ sọ́wọ́ tìrẹ. Bí ìgbìmọ̀ bá béèrè pé kí ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, sọ fún wọn pé o ò mọ̀, nítorí o ò ní mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ìbáwí. O sọ fún mi nígbà kan pé Sàlámì máa ń pẹ́ dé, pé o kì í bá a wí nítorí àánú rẹ̀ ń ṣe ọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ fún mi ní ọkọ̀ wà ní ìlú yìí náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó mọ̀ pé àlejò ni mí, ó mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni mò ń sùn, àánú mi sì ń ṣe é. Mo jẹ́ kí omi tán nínú ẹ̀rọ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ọkọ̀ hó, ó ń rú èéfín bí ẹni ń sun igbó, èrò bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣépè. Ọ̀gá mi ní kò burú, kí n lọ sinmi. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an ló bú awakọ̀ mìíràn nítorí táyà lásán. Mo rò ó títí, mo rí i pé kò kà mí mọ́ awakọ̀ rẹ̀, ó kà mí mọ́ àwọn tó ń ṣàánú fún. Ó ṣe díẹ̀, mo tún gbàgbé omi. Sùúrù rẹ̀ tán wàyí, ó sọ̀rọ̀ sí mi níwájú gbogbo wọn, ó ní bí mo bá tún ṣe é, kí n wá ibi tí mo máa wakọ̀ sí. Mo dúró, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Inú mi sì ń dùn, tí mo bá purọ́ kí Ọlọ́run má gbọ́ àdúrà mi. Bí Sàlámì bá pẹ́ dé, bá a wí bí o ṣe máa bá òṣìṣẹ́ tó nílé wí.

Ẹ̀kẹrin, tàbí kí n ti kọjá ẹ̀kẹrin, mi ò kà á mọ́. Àwọn ìyá ìjọ tó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń fi fóònù ya fọ́tò, fi ọgbọ́n sọ fún wọn pé ọjọ́ ìsinmi ni kí wọ́n máa wá, kí wọ́n sì fi fóònù sílé. Oúnjẹ dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe ìgbà yẹn ló yẹ kí á máa na ọwọ́ oore sí i lójú ọ̀nà. Jẹ́ kí àwọn tó ń kọjá rí òṣìṣẹ́. Bí ìyá ìjọ kan bá bínú, sọ pé bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bínú sí mi.

Nípa Ìyá Wúrà àti Sàlámì, má wá wọn lọ. Ìyá rẹ ní ọ̀rẹ́ kan lọ́jà Ìjerò tó sọ pé àwọn méjèèjì ṣì wà nítòsí, pé ìdí ìsọ̀ tó kọjú sí ọgbà ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀. Wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá rí Ògúnléye lẹ́nu iṣẹ́, tí kò sí ẹni tó ń bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á wá. Nígbà tí wọ́n bá dé, sọ fún wọn fúnra rẹ pé o ò ní dé ojúlé ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé onítọ̀hún rán ọ. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, má ṣàlàyé jù. O jọ mí nínú àlàyé.

Ọmọ mi, iṣẹ́ tí o yàn yìí wù mí. Nígbà tí o lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igi àti òdòdó, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìsọ̀ fọkanáísà ń bi mí pé ṣé ọmọ tó lọ yunifásítì tún ń lọ sí oko ni. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn nígbà náà. Ní ọjọ́ tí mo rí àwọn ènìyàn tó jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn, tí ara tù wọ́n, tí àwọn tó tún ibẹ̀ ṣe náà ń gbé orí wọn sókè díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, mo ní èsì. Mo sì ti ń fún wọn ní èsì náà lójoojúmọ́, ó ti sú wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọ́ fún wa.

Ó ku ohun kan. Ògúnléye fẹ́ padà síṣẹ́, òun ló sọ ọ́, mi ò bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé lẹ́yìn tí òun ti sá jáde lójú gbogbo ayé, kí ni òun máa sọ pé òun wá ṣe? Mo ní kó má sọ nǹkan kan. Mo ní èmi ni mo rán an níṣẹ́, kó mú lẹ́tà fún Mojísọ́lá, kó sì dúró gba èsì. Ó bi mí pé ṣé lẹ́tà náà ní èsì. Mo ní ó ní.

Òun náà ló gbé e lé ọ lọ́wọ́ yẹn. Láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ló ti wà lórí ìdúró. Nítorí náà nu ojú rẹ, má dì mọ́ ọn, má bẹ̀ ẹ́, má sì bi í bó ṣe jẹ́. Ká lẹ́tà mi sínú àpò, kí o kí i kú àárọ̀, kí o wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé apá ibo ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Bàbá rẹ ni,
èmi àti ìyá rẹ tó ní kí n wá jẹun.